Àga Onídùúró

Bí ẹ bá ń kọjá lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá ní Ọ̀wọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí ẹ gbọ́ igbe "Pa á! Pa á! Kí lo tún ń wò?", ẹ má pe ọlọ́pàá. Àwa ni. Kò sẹ́ni tí a fẹ́ pa. Gbọ̀ngàn fíìmù Ìyá Nọ́ọ̀sì la jókòó sí, à ń wo àwọn ará Kòríà tí wọ́n ń fi àáké bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Zipporah lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún Ìyá Nọ́ọ̀sì. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣí ilé ìtajà oògùn. Òun ra tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó to bẹ́ǹṣì síwájú rẹ̀, ó ní òun ti rí ẹ̀jẹ̀ gidi tó láyé òun, ayédèrú ló kù tí òun fẹ́ máa wò. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ ká gbádùn ayédèrú ọ̀hún. Bí wọ́n bá ti gún ẹnìkan nínú fíìmù báyìí, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn: "Irọ́ ni! Ibi tí wọ́n gún un yẹn, ẹ̀jẹ̀ kì í tú jáde níbẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó dáa, ẹ máa wò ó lọ."

Fíìmù Amẹ́ríkà kì í wọ gbọ̀ngàn wa, ó ti sú wa. Ti Kòríà la fẹ́, ti Íńdíà, ti Faransé, ti Mẹ́síkò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli ló ń gbé wọn wá lórí fláàṣì. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ wọn máa ń sáré ju ojú àgbà lọ, nítorí náà Olúgbádé ló ń túmọ̀ fún wa. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ọkọ̀ sinimá tí wọ́n fi ń kéde ìlera ló ń bá kiri abúlé. Á di gbohùngbohùn mú, á máa sọ ohun tí ẹ̀fọn ń sọ fún ẹni tí kò ta nẹ́ẹ̀tì, ní ohùn ẹ̀fọn gan-an. Ní báyìí, rìmóòtù ló dì mú. Á rẹ ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, á ṣe ìyàwó, á ṣe ọ̀daràn, á ṣe adájọ́, bí ajá bá gbó, á ṣe ajá. Ẹnu Méje là ń pè é. Ará Kòríà yòówù tó bá ti gba ẹnu Olúgbádé kọjá, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni.

Òfin kan wà níbẹ̀ o. Ẹni tó bá mú fíìmù wá ni yóò jókòó sórí àga pupa tó wà níwájú. Àga onídùúró nìyẹn. Ìwọ lo dúró fún fíìmù náà bí ẹni dúró fún ẹlẹ́jọ́ ní kóòtù. Bó bá parí, Ìyá Nọ́ọ̀sì á kígbe pé, "Onídùúró, dìde!" Wàá dìde, a ó bú ẹ, wàá fèsì. Bó o bá jàre, a ó pàtẹ́wọ́, ẹni tó takò ẹ́ jù lọ á gbá ilẹ̀. Bó o bá jẹ̀bi, ìgbálẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìwọ lo ni ín.

Àwọn tó ń jà jù ní gbọ̀ngàn yẹn, bàbá àti ọmọ ni. Paul ni bàbá, awakọ̀ káńsù. Ọmọ́báyọ̀ ni ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ poli. Fíìmù tí wọn ò bá ti fi ikú san ikú, ìpolówó ọṣẹ ni lójú Paul.

"Bàbá," Ọmọ́báyọ̀ á sọ, "nínú gbogbo fíìmù tí ẹ ń yàn, bí ẹnìkan bá ṣẹ́ kù tó lè sin òkú tó kẹ́yìn, ká máa dúpẹ́."

"Ìwọ tí ò ń fẹ́ kí wọ́n dárí ji ara wọn, ilé ìjọsìn ni kó o lọ, fíìmù kọ́."

"Mo ní ọ̀kan lórí fláàṣì mi báyìí. Ẹnì kankan ò kú níbẹ̀."

"Kò sẹ́ni tó kú? Kí ni wọ́n wá ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin?"

"Wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín ni."

Paul kọjú sí wa. "Ẹ gbà mí o! Ọmọ mi fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí."

A rẹ́rìn-ín, bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà. Ọmọ́báyọ̀ ní kí bàbá òun lọ gbá ìgbálẹ̀ mú. Bí òun bá ti gbé iṣu dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá òun ní Arimogija, òun ó jókòó sórí àga pupa, bàbá á sì gbá ilẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó pe bàbá rẹ̀ láti gáréèjì. "Mùnírù ará Arimogija ló ń gbé mi lọ. Ó ń wa ọ̀kadà bí ẹni gbé ẹyin."

"Ó dáa. Ìgbálẹ̀ ń dúró dè ọ́."

Ìgbálẹ̀ dúró títí. Àwọn ajínigbé dá wọn lọ́nà nínú igbó, aṣọ funfun la fi gbé Ọmọ́báyọ̀ wọ Ọ̀wọ̀.

Wọ́n rí òkú èrò, wọn ò rí ọlọ́kadà. Ohun tó da ọpọlọ gbogbo wa rú nìyẹn. Kí àwọn ọlọ́pàá tó parí ìbéèrè wọn, Ọ̀wọ̀ ti dájọ́: ọlọ́kadà ló tà á. Ẹnìkan tó ń ná ọjà Arimogija bi ìyá Mùnírù léèrè ọmọ rẹ̀, obìnrin náà ní ó wà ní Ṣàgámù, ó ń ṣiṣẹ́, ó di Iléyá kó tó wá sílé. Ẹ rí nǹkan! Ó sá. Àwa tí a ti wo fíìmù tó báyìí, ta ló tún fẹ́ kọ́ wa bí ọ̀daràn ṣe ń sá?

Paul pẹ́ kó tó padà sí gbọ̀ngàn. Nígbà tó dé, kò kúrò lórí àga pupa mọ́. Fíìmù rẹ̀ ni tọ̀sán tòní, fíìmù rẹ̀ ni tọ̀sán ọ̀la: ẹ̀jẹ̀, àdá, ìbọn, omi gbígbóná. Bó bá parí, tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ní "Onídùúró, dìde," á dìde, á wò wá lójú. Ta ló fẹ́ dá a lẹ́bi? Aláǹtakùn ta òwú sára ìgbálẹ̀.

Ṣèyíọlá nìkan ló gbìyànjú. Akẹ́kọ̀ọ́ poli ni, ọ̀rẹ́ Ọmọ́báyọ̀, ẹnu rẹ̀ kì í gbófo. "Ẹ wò ó, Bàbá, ti Faransé kan tí mo wò nílé ní ìjẹta, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin yẹn wá ọ̀tá rẹ̀ títí, nígbà tó máa fi rí i, àwọn méjèèjì ti darúgbó, wọ́n jọ jókòó, wọ́n ń mu tíì."

"Kò fẹ́ràn ẹni rẹ̀ tó kú ni," Paul ní.

 Ìyá Nọ́ọ̀sì gan-an kò rí ẹ̀jẹ̀ kankan tó fẹ́ tún ṣe.

Bí Iléyá ṣe ń kanlẹ̀kùn, Paul lọ bá Olúgbádé nílé láàárọ̀. Ó bá a níbi tó ti ń bẹ iṣu.

"Olú, fíìmù kan ni mo ń wá."

"Ti ìlú ibo?"

"Ìlú yòówù. Kí ẹni tó gbẹ̀san ṣáà má kábàámọ̀. Gbogbo èyí tí mò ń rí, wọ́n á pa èèyàn tán, wọ́n á tún máa sunkún. Mo fẹ́ èyí tó pa á tán, tó sì sùn."

Olúgbádé rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi oorun rẹ̀ ṣe?"

"Iléyá ti dé tán. Mùnírù ń bọ̀ nílé."

Ọ̀bẹ dúró sínú iṣu. "Paul, má ṣe é."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ ṣe nǹkan ni? Fíìmù ni mo ní kó o bá mi wá."

Olúgbádé kò jẹ iṣu náà mọ́. Ó sáré lọ bá Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọlọ́pàá ni wọ́n kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n bí a bá fa Paul lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, a ti sọ ọ̀rẹ́ wa di apànìyàn kó tó pa ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn tí a ti bá a sin ọmọ. Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn Olúgbádé ní, "Ẹni tó ń fi ẹnu jẹun, ẹnu náà ni yóò fi jà."

Fíìmù Kòríà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí Ṣèyíọlá ti gbé wá, tí ẹnì kankan nínú wa yòókù ò tíì wò. Ẹlẹ́ja kan ni, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin kú sómi. Ó ní ọlọ́kọ̀ ojú omi ló tì í. Ó wá ọlọ́kọ̀ náà láti èbúté dé èbúté, ó rí i, ó fi ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja là á. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sísàlẹ̀, ọlọ́kọ̀ náà jẹ́wọ́: ó ní òun ló tì í lóòótọ́, ó tún fi rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́ja pa á tán, ó jókòó sétí òkun, omi bọ́ lójú rẹ̀ nítorí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sùn sórí iyanrìn. Ohun tí Paul ń wá gan-an nìyẹn.

Nítorí ẹnu rẹ̀, Ìyá Nọ́ọ̀sì rán Ṣèyíọlá lọ ra ata lọ́jà. Àwọn ọmọ poli tó kù, ó fojú bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́. Paul jókòó lórí àga pupa. Olúgbádé gbé rìmóòtù.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ Olúgbádé tó ṣe ẹ̀fọn, mo ti gbọ́ ọ tó ṣe ọba, n kò gbọ́ irú ti ọjọ́ yẹn rí. Bí ọlọ́kọ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín lójú tẹlifíṣọ̀n, Olúgbádé sọ ẹ̀rín náà di ẹkún ẹni tó ń kú lọ. "Ẹlẹ́ja, ìwọ ni? Ìwọ ni bàbá ọmọ náà? Mo bẹ́ sómi tẹ̀lé e. Mo di irun rẹ̀ mú, omi gbà á lọ́wọ́ mi. Mi ò lè wá sọ fún ọ, ojú ń tì mí." Ẹlẹ́ja jókòó sétí òkun, omijé ń bọ́. Olúgbádé sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀: "Ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ yọ ọ́ nínú omi, ọwọ́ mi ló kú sí."

 Paul fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìyá Nọ́ọ̀sì bojú wo Olúgbádé, ó rọra mi orí bí ẹni tó rí aláìsàn tó la ojú. Ó ti bọ́ sí i. A ti mú un.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ṣèyíọlá wọlé tòun ti àpò ata. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó kà á, ẹnu rẹ̀ ò gbófo. "Ha! Bàbá Ẹnu Méje, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn o! Ẹlẹ́ja ní òun á lè sùn báyìí. Ọlọ́kọ̀ yẹn ló pa ọmọ náà, mo ti wò ó, ó jẹ́wọ́!"

Bí ata bọ́ sínú ojú wa lọ́jọ́ náà, a kì bá mọ̀.

Paul dìde kí wọ́n tó ní kó dìde. Kò pariwo. "Olú, o purọ́ fún mi."

"Paul..."

"Nínú ayédèrú náà? Nínú fíìmù, ẹ ò jẹ́ kí ọmọ èèyàn rí ìdájọ́ gbà níbẹ̀?"

Ó jáde. Foonu rẹ̀ kò lọ mọ́. A lọ ilé rẹ̀, a kanlẹ̀kùn, kò dá wa lóhùn.

Ìyókù, ẹnu Paul fúnra rẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Láàárọ̀ Iléyá, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó wé àdá, ó gun ọ̀kadà. Ẹ wo ọjọ́ tó yàn! Lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tó bá gbé àdá rìn láàárín ìlú, gbogbo ojú á máa tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Iléyá, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni. Ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ẹ ń lọ bá wọn kun ẹran ni? Ẹ bá mi gba itan kan wá o." Níbi tó ti sọ̀kalẹ̀ ní Arimogija, ẹnìkan pè é, "Alápatà, ẹ kú ọdún! Ẹ yà lọ́dọ̀ wa bí ẹ bá ṣe tán." Ó béèrè ilé Mùnírù, ọmọdé àti àgbà ló fọ̀nà hàn án. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn ín débẹ̀.

Obìnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò sí àgbò, kò sí iná, kò sí aṣọ ọdún lọ́rùn rẹ̀. Ìyá Mùnírù ni, Muslimat lorúkọ rẹ̀. Ó rí àdá náà.

"Alápatà, ẹ ti ṣìnà. A ò pa ẹran níbí."

"Mùnírù ni mo wá rí."

"Ó wà ní Ṣàgámù."

"Wọ́n ní ó ń bọ̀ fún ọdún."

Obìnrin náà wò ó dáadáa. "Ta ni yín?"

Paul ti tú ṣẹ́ẹ̀tì kúrò lára àdá. "Èmi ni bàbá ẹni tó gbé gbẹ̀yìn."

Paul rò pé á kígbe, tàbí á sá. Muslimat dìde, ó wọlé. Paul ní bóyá ọmọ ló lọ jí sílẹ̀ pé kó gba ẹ̀yìnkùlé sá, ló bá sáré tẹ̀ lé e, àdá lókè. Ní pálọ̀, ó pàdé obìnrin náà tó ń bọ̀, ó gbé nǹkan dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

Báàgì búlúù ni. Síìpù rẹ̀ já nígbà kan rí, Paul ló fi òwú dúdú rán an fún Ọmọ́báyọ̀, rírán awakọ̀, ó wọ́ bí ọ̀nà oko.

"Mo ti ń retí yín," Muslimat ní. "Gbogbo ìgbà tí ọ̀kadà bá dúró, mo máa ń rò pé ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò ṣí i."

"Mùnírù ńkọ́?"

Ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Lábẹ́ igi ọsàn, ilẹ̀ kan ga díẹ̀, koríko ti bò ó. Ó ní àwọn tó dá wọn lọ́nà ní kí Mùnírù máa lọ, èrò ni àwọn fẹ́. Mùnírù ní òun ò lè já èrò òun sílẹ̀ sínú igbó, kí wọ́n jọ mú àwọn lọ. Wọ́n yìnbọn lù ú níkùn. Àwọn ọdẹ ló bá a nínú igbó, báàgì èrò rẹ̀ ṣì wà láyà rẹ̀ níbi tó gbé e kọ́, wọ́n gbé e wá bá ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kú. "Èrò rẹ̀ ló ń béèrè títí. 'Màámi, ẹ bá mi wá èrò mi.' Kò béèrè omi."

"Kí ló dé tí ẹ fi ní ó wà ní Ṣàgámù?"

"Kí n tó sin ín tán, wọ́n ti ń sọ ní Ọ̀wọ̀ pé òun ló ta èrò rẹ̀. Bí mo bá ní ó kú, wọ́n á ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló pa á. Ọmọ tó wà ní Ṣàgámù, wọ́n á kàn máa bú u ni. Ẹni tí wọ́n ń bú ṣì wà láyé." Ó fi ìborùn nu ojú. "Ó tún dára lẹ́tí mi, bí wọ́n bá bi mí pé ìgbà wo ni Mùnírù ń bọ̀. Mo máa ń ní, 'Iléyá.'"

Paul ti fi gbogbo oṣù tó kọjá pọ́n àdá yẹn. Ó mú jù fún ẹni tó máa gbé e padà sílé lásán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣán koríko orí sàréè náà, díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ fi hàn, títí ó fi yí i ká. Àwọn tó ń kọjá ní ìta ń kí i pé, "Alápatà, ẹ kú iṣẹ́!"

Nígbà tí ọdún kásẹ̀ nílẹ̀, ó wọ gbọ̀ngàn wa lọ́sàn-án, Muslimat tẹ̀ lé e. A dìde fún wọn. Paul lọ dúró síwájú Olúgbádé. A di ara wa mú.

"Olú, irọ́ tó o pa fún mi níjọ́sí, òótọ́ ni."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn náà ó ṣí síìpù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó yọ fláàṣì kan fún Ṣèyíọlá. Ó gbé báàgì búlúù náà, ó gbé e jókòó sórí àga pupa, ó tún ìdí rẹ̀ ṣe kó má ṣubú. Òun náà lọ bá Muslimat lórí bẹ́ǹṣì.

Fíìmù kan ṣoṣo ló wà lórí fláàṣì. Ṣèyíọlá wo ìsàlẹ̀, ó wo òkè. "Bàbá, wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ èdè ìlú tí wọ́n ń sọ."

"Olú," Paul ní, "sọ bó o bá ṣe rí i."

Baba arúgbó kan ló fẹ́ gbé ewúrẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ èrò, awakọ̀ ò gbà. Gbogbo fíìmù náà nìyẹn. Olúgbádé ṣe baba, ó ṣe awakọ̀, ohùn rẹ̀ ń já, ó ń tún un so. Nígbà tí baba dé fìlà fún ewúrẹ́, tó ní ìyàwó òun ni, Olúgbádé dáhùn ní ohùn ewúrẹ́: "Ẹ káàsán, awakọ̀. Ara mi ò yá ni, ẹ má wo irùngbọ̀n mi." Nǹkan kan ta jáde lábẹ́ ìborùn Muslimat. Ẹ̀rín ni. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tó jalè. Paul wò ó, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ̀rín gbé e, ó gbá itan, ó ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, kò sì dákẹ́, àwa náà ò dákẹ́.

Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀. Ewúrẹ́ dé ibi tó ń lọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹnu tó ti mọ́ lára, ló bá kígbe: "Onídùúró, dìde!" Ó gbọ́ ohun tó sọ. Ó fi ọwọ́ bo ojú.

Gbogbo wa ń wo báàgì lórí àga pupa.

Paul ló dìde. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ gbá òwú aláǹtakùn kúrò lára ìgbálẹ̀.

"Ọmọ́báyọ̀ jàre," ó ní.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀, láti ìdí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn bọ̀ wá síwájú. A ń gbé ẹsẹ̀ sókè fún un lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ìdí àga pupa, kò sún un. Ó gbá abẹ́ rẹ̀, ó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yí i ká.